Ọrùn Aṣọ Míìsì Ìbílọlá

Èmi ni mo ń lọ aṣọ rẹ̀, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìyẹn.
N ò bá a gberin rí, n ò gbé gìtá tẹ̀lé e,
ohùn tèmi, bí ìlẹ̀kùn tó nílò epo ni.
Àyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo mọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi l'Ókè-Bọ́lá,
èéfín rẹ̀ a máa sọ mí di ẹni tó ń sunkún láìsí òkú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ lọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń gbé ẹrù dé:
búláòsì funfun mẹ́ta, síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ sánmà,
àti iṣẹ́ tó rán an: "Ẹ jẹ́ kí kọ́là le,
ṣùgbọ́n kó má gún mi lọ́rùn o."
Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni mò ń pò,
mà á fi ọrùn tèmi dán an wò kí n tó ká a.

Ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí ò mọ̀ ọ́n.
Ọmọ bàbá tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní rélùwéè Dùgbẹ̀,
tó kọ́ orin láàárín ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ,
ìyẹn ló jẹ́ kó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn mí.
Wọ́n gbọ́ ọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ní Kúdẹtì,
wọ́n mú un wọ yàrá kan tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri ẹ̀.
Nígbà tó jáde, gbogbo Ìbàdàn ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́,
asọ̀rọ̀-má-gbèsì tá à ń san ṣílè márùn-ún lé lórí
á mí kanlẹ̀, Ìbílọlá á bẹ̀rẹ̀:
orin pé kọ́mọ ó wẹsẹ̀ kó tó gorí ẹní,
orin ìyá tí òjò ká mọ́nú oko,
orin ìfẹ́ rẹ̀ pàápàá, lẹ́tà ló ń kọ́kọ́ kọ sí bàbá ọmọ.
Ní Mọ́kọlá, ní Ìdíkàn, títí dé Ìnálẹ̀ńdé,
omi á máa dà sẹ́sẹ̀ ọmọdé.

Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ ọtí kan wá láti Èkó,
ó gbé ìgò lé tábìlì, ó gbé sọ̀wédowó tì í:
"Ẹ kàn gbá a mọ́ra, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín."
Ó ní, "Àwọn tó ń wẹsẹ̀ nítorí mi ńkọ́?"
Ìròyìn náà rìn. Àwọn kan yìn ín,
àwọn kan ní, "Ó ń ṣe bí ẹni tí kì í tọ̀."

Èmi mọ ohun tí mo mọ̀.
Jímọ̀ kan, nígbà ọyẹ́, mo tẹ́ apá aṣọ ọ̀tún,
ihò sìgá wà níbẹ̀, rogodo, etí rẹ̀ jó dúdú.
Òórùn tábà wà lára ẹ̀, pẹ̀lú òórùn òru.
Mi ò pe ọ̀gá. Mo wá òwú funfun, mo lẹ̀ ẹ́,
ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké bí ẹyin iná orí.
Ọ̀sẹ̀ kejì, ṣílè méjì wà nínú àpò síkẹ́ẹ̀tì,
bébà ló fi wé e. Kò kọ nǹkan kan sí i.

Lẹ́yìn náà, ọdún wẹ́ẹ̀tì dé.
Ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ti bẹntiróòlù.
Àpótí ara ògiri dákẹ́. Nígbà tó tún máa fọhùn,
ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà ló ń kọrin,
wọ́n ní kí òun náà fi ìdí sí i díẹ̀.
Ó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Ẹlẹ́yẹlé, ìwé kejì,
ogún ọdún ó lé, ṣọ́ọ̀kì lórí kọ́là.

Ní Ẹrẹ́nà tó kọjá, ọmọ àbúrò rẹ̀ wá mi wá.
Ó ní aṣọ tí olóògbé ní kí wọ́n fi sin òun rèé,
kò sì síná.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo kó èédú.
"Ṣé kí kọ́là le?" mo bi í. Kò mọ ohun tí mò ń wí.
Ó yẹ apá aṣọ wò, ó fọwọ́ kan ojú òwú náà,
"Ta ló ṣiṣẹ́ yìí, Bàbá?"
Mo fẹ́ná sáyọ́ọ̀nù.
Mo ní n ò mọ̀.