Ojú Ló Ń Wa Ọkọ̀

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa tíráàmù ní Ríga,
láti etí odò Daugava títí dé ibi tí irin ti parí,
níbi tí igi páìnì ti ń wo ọkọ̀ bí ẹni ń wo àlejò.
Mo mọ yìnyín tó ń yọ̀, mo mọ yìnyín tó ń purọ́.
N kò mọ dò, n kò mọ rè.

Ọdún tí wọ́n fún mi ní òdòdó àti ìwé ìfẹ̀yìntì,
mo fi owó àjẹmọ́nú ra píánò àlòkù kan.
Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e gun àjà kẹta,
wọ́n ń ṣépè fún un ní gbogbo àtẹ̀gùn.
Eyín rẹ̀ méjì ti ká. Tèmi kan ti ká.
A bá ara wa mu.

Mārcis ni olùkọ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún,
irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pinnu bóyá òun yóò hù.
Ó ní, "Ìyáàfin Dzintra, ẹ ò kàwé o, ẹ ń rántí ni."
Òótọ́ ni. Olè ni ọwọ́ mi.
Bí mo bá ti tẹ orin kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ọwọ́ á ti há a sórí,
ojú á wá jókòó gbẹdẹmukẹ bí èrò tí kò sanwó ọkọ̀.
Ṣùgbọ́n gbé ojú-ewé tuntun síwájú mi:
ìlà márùn-ún, àwọn kóró dúdú
bí èrò tó ya dé ìbùdókọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tò.
Mò ń kà á, kò kà mí sí.
Mò ń fi ìka ka ìlà láti ìsàlẹ̀, ení, èjì,
èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ.

Mārcis mú aṣọ ìnuwọ́ ilé ìdáná mi, ó fi bo ọwọ́ mi.
Ó mú páálí, ó fi bo ibi tí mo ti tẹ̀ kọjá
kí n má baà padà lọ tún un ṣe.
"Ẹ ṣì í? Ó ti lọ. Ẹ máa bọ̀."
Inú bí mi. Mo ní, ta ni í ba nǹkan jẹ́ tí kì í wẹ̀yìn wò?
Ó ní, "Nígbà tí ẹ ń wa ọkọ̀, ibo lẹ máa ń wò?"

Mo dákẹ́.
N kò wo ọwọ́ mi rí lórí ọkọ̀.
N kò wo irin tó wà lábẹ́ mi:
èyí tó wà lábẹ́ ẹni ti di àná.
Ibi tí irin ti yà níwájú ni mo máa ń wò,
iná tó fẹ́ pọ́n, ọmọ tó fẹ́ sáré.
Bí mo bá sì fo ìbùdókọ̀ kan, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́,
ta ní í fi tíráàmù rìn sẹ́yìn lórí afárá?

Ìwé àwọn ọmọdé la fi bẹ̀rẹ̀.
Pẹ́pẹ́yẹ wà lójú-ewé kìíní, pẹ́pẹ́yẹ dé fìlà. Mo gbà.
Ojú-ewé kan láràárọ̀, kí kọfí tó tutù,
n kò sì gbọdọ̀ tún un tẹ̀ lọ́la.
Yìnyín rọ̀, yìnyín yọ́. Mo ṣì ń ṣì í.
Ọwọ́ òsì mi ṣì ń pẹ́ dé bí ọkọ̀ ìdájí nínú ìjì.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo ṣàkíyèsí
pé kì í ṣe ohun tí mò ń tẹ̀ ni mò ń wò.
Ojú mi ti ṣáájú, ó ń ránṣẹ́ sẹ́yìn.

Sátidé tó kọjá, lọ́jà ohun àlòkù,
mo ra ìwé orin kan ní sẹ́ńtì àádọ́ta.
Orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti pa rẹ́.
Orin inú rẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí láyé mi.
Ní ìlà kẹrin, níbi tí fláàtì ti há mọ́ fláàtì,
ẹni náà ti fi pẹ́ńsù yí àmì kan ká.
Ó tún yí i ká. Ó tún yí i ká, ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Èmi náà ṣì í níbẹ̀.
Mo kí i
bí awakọ̀ méjì ti ń kí ara wọn lórí afárá,
ìka kan sókè, láìdúró,
èmi ń lọ, òun ń bọ̀,
ojú mi ti wà lórí ìlà karùn-ún.