Ebè Kan Lẹ́yìn Ahéré

Ọdún tí mo wà ní fọ́ọ̀mù tú n'Ísánlú,
Ìbítóyè bàbá mi ṣán igbó kan lẹ́yìn àpáta,
ó ní iye ebè tó bá wà ní ìbú
ni kó wà ní òòró.
Kò ní téèpù. Ó ní èèkàn, ó ní okùn,
ó ní Rótìfá ẹ̀gbọ́n mi tí ń na okùn náà, tí ń ráhùn.

Ọgọ́rin lọ́nà ọgọ́rin ló fẹ́.
Mo fi igi kọ ọ́ sílẹ̀: 6400.
"Bàbá, òfo méjì ló wà nídìí rẹ̀,
bí àwo tí ajá ti lá.
Ẹ fi mẹ́jọ kún un."

Mo pa á rẹ́, mo kọ òmíràn:
88 lọ́nà 88,
7744.
"Ìbejì níwájú, ìbejì lẹ́yìn!
Nínú gbogbo onígun-mẹ́rin tó ní ẹyọ mẹ́rin,
òun nìkan ló bí i báyìí."

Bàbá mi tẹjú mọ́ ilẹ̀. Kò lọ ilé-ìwé rí.
"Pè é kí n gbọ́."
Ẹgbẹ̀rún méje, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ó lé mẹ́rìnlélógójì.
"Ìbejì dà níbẹ̀?"

Mi ò rí nǹkan sọ.
Lẹ́nu wa, nọ́ńbà a máa lé, a máa dín;
méjìlá kò bá mọ́kànlélógún tan.
Ṣùgbọ́n lórí iyẹ̀pẹ̀, 12 ń wo 21 bí ẹni ń wo dígí,
àwọn ọmọ wọn náà, 144, 441,
ń wo ara wọn.
Ojú mi gbọ́ ohun tí etí bàbá mi kò rí.

"Méjìdínláàádọ́rùn-ún," ó ní, ó tutọ́ sọ́wọ́.
"Méjì péré ló kù. Ṣé kí n kúkú sọ ọ́ di àádọ́rùn-ún?"
"Ẹ jọ̀ọ́, rárá!"
Ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́.
Èmi ń lọ sílé ìwé, mo ń padà wá kà,
ẹsẹ̀ mi pọ́n, ìwé mi pọ́n.
Ní poro kọkànlélọ́gọ́ta, ọkọ́ dún gan-an:
orí àpáta ló yọ díẹ̀ láti inú ilẹ̀.
Ààyè ebè kan ṣófo.
7743.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo dákẹ́.
Rótìfá ní, "Ta ni yóò mọ̀?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bu omi lẹ́yìn ahéré,
mo bá ebè kan níbẹ̀, òun nìkan,
ó tóbi, ó tutù, wọ́n ti fi ewé bò ó lórí.
Bàbá mi ń pọ́n àdá.
"Ọ̀kun o," ó kí mi, kò gbójú sókè.
"O ní ìbejì ni wọ́n.
Mi ò fẹ́ kí ọ̀kan kú sínú oko mi."

Iṣu ibẹ̀ kò ju apá ọmọdé lọ.
Òun la kọ́kọ́ sun.