Ọdún Kẹta Lójú Fèrèsé

Kò sí ohun tó ṣe ọ́.
Mo ti yẹ̀ ọ́ wò bí abiyamọ ṣe ń yẹ ọmọ wò,
ẹ̀yìn ewé, abẹ́ ewé, ìdí ewé:
kò sí kòkòrò, kò sí àbàwọ́n.
Gbòǹgbò rẹ le, ó nípọn bí okùn bàtà,
ewé rẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń dán bí ẹni fi òróró pa wọ́n.
Ọ́kíìdì, o ò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ,
kọ́ọ̀bù tíì ni ilé rẹ,
o sì ráyè ṣagídí nínú rẹ̀.

Ìyáàfin Halyna ló fà ọ́ lé mi lọ́wọ́
lọ́jọ́ tó kó kúrò ní àdúgbò wa ní Winnipeg,
tó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ní Brandon.
Ó ní òdòdó rẹ pupa bí ahọ́n ọmọ ológbò.
Ó ní òun ò gba ọpẹ́ ẹnu,
àfi kí n fi fọ́tò òdòdó náà ránṣẹ́.
Ọdún mẹ́ta rèé.
Mi ò tíì dúpẹ́.

Kí ni mi ò ṣe?
Omi òjò ni mo ń gbè fún ọ;
nígbà tí òjò dá, mo yọ́ yìnyín.
Mo fi ṣíbí wọn ajílẹ̀ bí ẹni wọn oògùn ikọ́.
Mo ra iná tó ń ṣe bí oòrùn, mo gbé e kọ́ sókè orí rẹ.
Mosúnmọ́lá ìyàwó mi wò ọ́, ó wò mí,
ó ní, "Owó iná oṣù yìí, òun náà ti ń rudi o."

Mo tilẹ̀ kì ọ́.
Mo ní: ọmọ orí igi tí kì í jẹ nǹkan igi,
àlejò tí í gun onílé lẹ́yìn tí kì í tọrọ oúnjẹ,
a-fi-afẹ́fẹ́-ṣe-ilẹ̀.
A kì í kì èèyàn kí orí rẹ̀ má wú.
Ìwọ, ewé keje lo yọ.

Ní oṣù kẹwàá mo pe màmá náà lórí fóònù.
"Ṣé ilé yín móoru?"
Ó móoru dáadáa, mà.
"Lóru ńkọ́?"
Lóru náà, mà.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
"Ẹni tó yó, tó móoru, tí kò mọ̀ pé ọdún ń yí,
kí ló fẹ́ tanná sí?
Jẹ́ kí òtútù fọwọ́ kàn án.
Má ṣáà jẹ́ kó bù ú jẹ."

Èmi tí mo dé ìlú yìí ní oṣù kìíní
pẹ̀lú súwẹ́tà kan ṣoṣo,
tí etí mi dì gbagidi bí ẹja inú fíríìsà,
mo ti búra:
ohunkóhun tó bá sùn lábẹ́ òrùlé mi,
òtútù ò ní mọ orúkọ rẹ̀.

Láago mẹ́sàn-án alẹ́ mo gbé ọ lọ sí yàrá ẹ̀yìn,
mo fi ọ́ ti gíláàsì.
Láago mẹ́ta mo jí, mo lọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ewé rẹ.
Ó tutù bí imú ajá.
Mo fẹ́ẹ́ gbé ọ padà.
Mo dúró síbẹ̀ nínú òkùnkùn pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan,
mo ń bẹ̀ ọ́, mi ò gbé ọ.
Báyìí fún alẹ́ mọ́kànlélógún.

Òwúrọ̀ òní, yìnyín ti bo àtẹ̀gùn,
mo rí nǹkan lábẹ́ ewé kẹta,
ó tóbi tó hóró ìrẹsì, ó tutù yọ̀yọ̀.
Bí orí rẹ̀ bá rí roboto, gbòǹgbò ni.
Bó bá rí bí ìbọ̀wọ́ ọmọdé, tó na àtàǹpàkò,
a jẹ́ pé òun ni.
Mo wọ awò, mo bọ́ awò.
Mosúnmọ́lá ní gbòǹgbò ni.
Àdùkẹ́ ọmọ wa ní òun rí àtàǹpàkò.

Mo ti nu ojú fóònù mi.
Má kánjú.
Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Halyna
pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún
ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá.