Ìgò Tó Kù Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni Irewọlé tó rántí sọ fún mi
pé òun ti ṣèlérí bisikíìtì ogójì fún kíláàsì òun,
èyí tó ní ṣokoléètì wẹ́wẹ́ nínú,
pé ọ̀la ni, pé Tísà ti gbọ́, kò ṣeé yí padà.

Mo ṣí fìríìjì. Omi tútù, ata lílọ̀, ìdajì àlùbọ́sà.
Bọ́tà kò sí.
Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí bọ́tà ti kó kúrò nílé wa.
Ọjọ́ tí mo rí iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára ní ṣọ́ọ̀bù,
mo kí i bí ẹni kí ẹlẹgbẹ́ ilé-ìwé tó ti di olówó,
mo sì bá tèmi lọ.

Gbogbo Kámpọ́ọ̀sì ti tilẹ̀kùn.
Ọyẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà ọ̀sà,
ètè Irewọlé funfun bíi pé ó ti lá fúláwà ṣáájú.

Ìgbà náà ni ojú mi bọ́ sára ìgò.

Ìgò ọtí ni tẹ́lẹ̀. Màmá Felísíà ló fọ̀ ọ́,
ìyá tó bí ìyá mi,
tó máa ń rin àgbọn lẹ́yìnkùlé títí awọ ìka rẹ̀ yóò fi bó,
tí yóò fún wàrà rẹ̀, tí yóò gbé e kaná,
tí kò ní kúrò nídìí rẹ̀ títí òróró yóò fi yọ, mímọ́ gaara.
Irun ló wà fún. Irun, àti àyà ọmọ tó ń wúkọ́,
àti orúnkún tirẹ̀.
Ọdún méjì àbọ̀ rèé tó ti sùn ní Ìkòyí.
Ìgò kan ṣoṣo yìí ló kù. N kì í lò ó.
Mo kàn máa ń ṣí i, mo ń gbóòórùn, mo ń dé e.

Lálẹ́ yìí, ọyẹ́ ti mú un dì, ó funfun, ó le gbagidi.
Mo dorí ìgò kodò, kò já.
"Mọ́mì, bọ́tà rèé!"
Mo ní bọ́tà kọ́, òróró irun Màmá Àgbà ni.
Ó wò mí. Ó wo ìgò.
"Ṣé wọn kì í jẹ ẹ́ ni?"

Mo fi ìrù ṣíbí gbẹ́ ẹ jáde.
Irewọlé da ṣúgà lé e, ó ń dún bí iyanrìn lábẹ́ bàtà.
Ẹyin méjì. Iyọ̀ tí ìka méjì lè mú.
Fúláwà kọ́ọ̀pù mẹ́ta; ìkẹta kò kún, mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu kún un.
Ṣokoléètì tí àbúrò mi mú ti ìrìn-àjò bọ̀,
Irewọlé gé mẹ́ta, ó jẹ méjì.

Màmá, ẹ má bínú.
Ẹ̀yin lẹ sọ pé oúnjẹ tó bá ń dúró de ọ̀la,
èèrà ló ń dúró dè.

Páànù àkọ́kọ́ yọ́, ó ṣàn, ó so pọ̀
bí àwòrán ilẹ̀ Èkó: erékùṣù, afárá, erékùṣù.
A jẹ ẹ́ lórí ìdúró.
Mo gbé ìyókù sójú fèrèsé kí ọyẹ́ tún un mú dì.
Ìyẹn gbọ́ràn.

Aago mọ́kànlá kọjá kí òórùn náà tó dé pálọ̀.
Òórùn Sátidé ni. Orí mi láàárín orúnkún méjì,
òòyà onígi, ọwọ́ tó ń la irun lọ́nà,
"Jókòó jẹ́ẹ́, orí ẹ kì í ṣe tìẹ nìkan."
Irewọlé gbé imú sókè:
"Òórùn ìrọ̀rí Màmá Àgbà ló ń yọ."
N kò dá a lóhùn. Mo ń wo iná.

Mẹ́tàdínlógójì ló pé.
Mẹ́ta ti sọ nù, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì.
Mo fi ìka nu inú ìgò,
mo fi ohun tó bá a jáde pa iwájú orí rẹ̀, níbi tí irun ti ń já.

Láàárọ̀, ó gbá ike bisikíìtì mọ́ àyà, kò jẹ́ kí n bá òun gbé e.
Mo fọ ìgò, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ kí omi lè ro.
Mo wá ń bi àwọn ará ilé
iye tí wọ́n ń ta àgbọn.