Ilẹ̀kùn Tí A Ń Tì Láti Inú

Ní Òmùò, níbi tí Èkìtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán,
a kó àga jáde ní kíláàsì mẹ́rin,
a kó ènìyàn wọlé.
Ìlọ́po méjì tí tísà kọ ṣì wà lójú pátákó.
Mi ò jẹ́ kí wọ́n nù ún.

Ìwé tí wọ́n fún mi kò fẹ́ orúkọ.
Nọ́ńbà ni. Òun ni mẹ́tàdínlógún.
Orúkọ rẹ̀ ń gbé abẹ́ ahọ́n mi,
mi ò sì ní yọ ọ́ síta níhìn-ín.

Ọjọ́ kìíní, ó jókòó, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.
Mo bu omi síwájú rẹ̀.
Ngunan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló ń túmọ̀:
ó ń fa èdè Tífì yọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé.
Ìbéèrè wà tí mo ti pa rẹ́ lẹ́nu ara mi:
Kí lo wá lọ ṣe níta lóru?
Irú aṣọ wo lo wọ̀?
Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọn kò tíì pa á rẹ́.

Láti kíláàsì dé ilé ìyàgbẹ́,
ìṣísẹ̀ mẹ́rìnléláàádọ́fà ni.
Mo kà á. Mo kà á lóru, láìtan tọ́ọ̀ṣì,
kí n lè mọ ohun tí wọ́n ń bi í.

Ẹni tó ń pín ìrẹsì ló ṣe é.
Kọ́ńgò wà lọ́wọ́ rẹ̀,
ó ní ẹ̀kún kọ́ńgò ní iye tirẹ̀.
Mo mọ̀ ọ́n. Ó gbé àga wá níjọ́ ìsìnkú bàbá mi,
ó sì dúró kó wọn padà.
Ó ti wù mí tó, kó jẹ́ àlejò.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn àgbà wá bá mi nílé.
Bàbá Fátúyì ní: "Àbẹ̀jẹ́,
a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.
Àpò ìrẹsì kan rèé, kẹ́ ẹ fi tù ú nínú."
Mo ní: "Bàbá,
ìrẹsì tí wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà náà?"
Ó wolẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dìde.
Orúnkún rẹ̀ dún. Mo na ọ̀pá rẹ̀ sí i.

Oògùn Ìkọ̀lé ti dé ara rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé,
ìyẹn ti kúrò nílẹ̀.
Ó ku agbẹjọ́rò ní Adó,
ó ku ibùsùn kan nílé tí mi ò ní dárúkọ.
Inú mi ń hó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi
pé ìbínú mi kò gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀ wọ kóòtù.
Mo ní: èwo lo fẹ́?

Ó dákẹ́.
Ewúrẹ́ kan yọ́ wọlé, ó jẹ etí ìwé mi.
Ngunan rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín,
ó sì fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó jalè.
Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́,
Ngunan túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé mo ṣì í gbọ́:
irin ni ó fẹ́,
irin ìdábùú ilẹ̀kùn. Ti inú.

Kò sí ìlà fún irin nínú ìwé wa.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn, lẹ́bàá ibi tí ewúrẹ́ jẹ.
Ọmọ́tọ̀ṣọ́ káfíńtà gbowó irin,
ó kọ̀, kò gbowó ìṣó.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo dúró lábẹ́ máńgòrò,
ọyẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.
Mo gbọ́ ọ: irin wọ ihò irin.
Ẹjọ́ di ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Ọ̀pẹ.
Ó ní òun yóò lọ. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀.
Mi ò kan ilẹ̀kùn.
Mo lọ gbé àtùpà kẹta kọ́
sójú ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́.
Bátìrì tó kù kò ju méjì lọ.