Òwú Kò Gbọdọ̀ Le Jù

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀, Ìṣàbọ̀ ṣì ń hanrun.
Mo so okùn bàtà nínú òkùnkùn,
bàtà òkìrìkà tí mo rà ní Kútọ̀,
orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ṣì wà lára ahọ́n rẹ̀,
mi ò lè kà á.
Mo rọra ti ilẹ̀kùn kí Ìbídùn má baà jí.
Ó ti jí.
"Ta ló tún ń lé ọ?"

Télọ̀ ni mí. Ọdún mẹ́tàlélógún
ni ẹsẹ̀ wọ̀nyí fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ,
wọ́n ń lọ, wọ́n ń lọ, wọn kò kúrò lójú kan.
Bí a bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní máìlì,
ǹ bá ti dé Kánò, ǹ bá sì ti padà,
ṣùgbọ́n ògiri kan náà ni mò ń wò:
kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, àti ihò aláǹgbá.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sáré, mi ò dé Ṣàpọ́n.
Èémí já bí òwú tó ti jẹrà.
Ajá kan jókòó, ó wò mí,
kò tilẹ̀ gbó. Àánú mi ló ṣe é.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìgbéraga dé.
Mo ra aago ọwọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀,
mo ń bá a jà bí ẹni ń bá orogún jà.
Òjò ń rọ̀, mò ń sáré. Ibà ń mú mi, mò ń sáré.
Aṣọ ìyàwó ọmọ Ṣówándé wà lórí tábìlì láìlápá,
mò ń sáré.
Òkè Ìdí-Abà ló dá ẹjọ́ náà.
Orúnkún ọ̀tún fọhùn lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó dákẹ́;
kó tó fọhùn lẹ́ẹ̀kejì, mo ti wà nílẹ̀.
Wọ́n ní bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.
Mo wo ẹ̀yìn: àwọn mẹ́ta tó ń lọ fọ́ òkúta ni mo rí.
"Bàbá, ta ló ń lé yín?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mo jókòó ti ẹ̀rọ, mò ń bínú sí aṣọ.
Gbénró ọmọ iṣẹ́ mi gbé bùbá kan wá,
ojú rírán hunjọ bí iwájú orí arúgbó.
"O fún òwú le jù," mo ní.
"Bó bá le jù, aṣọ á sunkì; bó bá dẹ̀ jù, ojú rẹ̀ á là.
Dẹ sukúrù yẹn díẹ̀. Mo ní díẹ̀!
Tẹ́tí sí ẹ̀rọ. Bó bá ti tọ́, ìró rẹ̀ á yí padà."
Ó ń wò mí. Mo ti dákẹ́,
mo ń wo orúnkún mi.

Gbénró ló ń fi aago náà ṣe fáàrí báyìí.
Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni mo ń jáde.
Bí Iléyá bá súnmọ́, tí aṣọ ga dé àjà,
ó lè di ọjọ́ kan, ó lè má sí rárá,
títì kò ní bínú.
Mo ń rìn gun òkè. Ẹni tó bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

Òwúrọ̀ mìíràn wà tí ọkàn kò fẹ́.
Mi ò bá a jiyàn. Mo ní, "Ká kàn dé afárá Láfẹ́ńwá,
ká wò ó bóyá odò Ògùn ti kún."
Ọ̀gbẹlẹ̀ pàápàá, irọ́ kan náà ni mò ń pa fún un,
ó sì ń gbà á gbọ́.
Ìkùukùu wà lórí omi. Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè.
Ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ọ:
ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, èémí,
ìró náà á yí padà.

Mo délé. Ìbídùn ti gbé omi kaná.
"Ṣé wọ́n bá ọ?"
"Wọn ò bá mi."
Ó ju ṣòkòtò kan sí mi: bọ́tìnnì kan ló kù,
aago mẹ́jọ ni ẹni tó ni ín ń bọ̀.