Ohun Tí A Bá Fagi Lé

Ìwé mẹ́tàdínlógójì ló wà lórí tábìlì.
Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, òkúta Ìsánlú ṣì ń mí ooru ọ̀sán sí wa lára.
Mo tan iná sólà tí ọmọ mi rà wá láti Lọ́kọ́ja,
mo ṣí báírò pupa.
Ìbéèrè kẹta: Ṣe àlàyé àyọlò yìí. Máàkì mẹ́wàá.

    Ìyá fi òwú kan sílẹ̀ létí aṣọ,
    ó ní ẹ má ṣe so ó;
    ojú ibẹ̀ lẹni tó lọ
    yóò gbà wọlé.

Ìlànà ìmáàkì wà lápá òsì mi:
ìrètí, máàkì méjì;
òwú dúró fún ọ̀nà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, méjì;
ìyókù, bí olùkọ́ bá ṣe rí i sí.

Ọmọ mẹ́rìndínlógún kọ ọ́ pé akéwì ń rọ̀ wá kí a ní sùúrù.
Mo fún wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin.
Ẹnì kan ní akéwì ń gbà wá níyànjú láti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.
Mo rẹ́rìn-ín, mo fún un ní kan.

Ìkejìdínlógún, nọ́ńbà ló wà lórí rẹ̀, kò sí orúkọ,
ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ Médùpin:
g rẹ̀ a máa na ìrù bí ológìnní tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

    Ẹ̀yin olùdánwò, akéwì yìí kò hun aṣọ rí.
    Òwú tí a kò bá so, títú ló ń tú.
    Oníbàárà yóò fi ìka fà á lọ́jà Ẹ̀gbẹ̀,
    yóò ní kí ẹ gé owó rẹ̀.
    Ìyá mi ní òfì ìdúró ní yàrá ẹ̀yìn.
    Gbogbo etí aṣọ ló ń so,
    á tún fi eyín fa kókó rẹ̀ le.
    Ilẹ̀kùn ni kì í tì.
    Ọdún kẹfà rèé tí bàbá mi wa tírélà sìmẹ́ńtì jáde l'Ọ́bájánà.
    Bí ọkọ̀ bá rọra dúró lójú títì lóru,
    ìyá mi á ti ní "Ọ̀kun o!"
    kó tó mọ ẹni tí òun ń kí.
    Nítorí náà, bí akéwì bá pe òwú,
    ilẹ̀kùn ló fẹ́ pè.
    Ojú ló tì í.

Kò dárúkọ ọnà-èdè kankan.
Mo ṣa ìwé náà bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà,
n kò rí "ìrètí" ṣà.
Ẹni tí yóò tún iṣẹ́ mi yẹ̀ wò, ará Ìbàdàn ni;
bó bá kan "Ọ̀kun o", yóò ní
òkun wo ló ru dé ilẹ̀ olókùúta,
yóò fa ìlà sí i nídìí: àṣìkọ.

Mo kọ mẹ́ta.
Mo pa á rẹ́, mo kọ méje.
Mo gbé báírò sílẹ̀, mo mu omi.

Nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà kan wà
tó fagi lé lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Òfin ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ:
ohun tí a bá fagi lé, a kì í máàkì rẹ̀.
Èmi náà ni mo kọ́ wọn, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, lójú pátákó.
Mo gbé ìwé súnmọ́ iná, mo yí i dojú dé,
mo fìka tọ ibi tí báírò ti gún un:

    Tí ìyá mi bá sùn tán,
    èmi ni mo ń dìde lọ tì í.

Kòkòrò kan ń forí sọ gíláàsì sólà.
Mo pa ìwé náà dé.
Ó ku mọ́kàndínlógún.
Mo fa èyí tó kàn.
Akéwì ń rọ̀ wá, ọmọ náà wí,
kí a ní sùúrù.